Èémí Kan Kò Tó

Iná ẹ̀rọ pọ́n fòò, Màmá Òjúọlápé sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ó mà rẹwà o. Ṣé mo yege nìyẹn?"

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí àwọ̀ lójú wa, funfun rẹ̀ ń lọ, pupa ń gba ipò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó pọ̀n sẹ́yìn, na ọwọ́ láti orí èjìká ìyá àgbà, ó fẹ́ mú iná náà. Oṣù mẹ́rìnlá ni ọmọ náà. Ìyá tó bí i kò rí ọjọ́ ìkómọ rẹ̀, ẹni tó sì jẹ́ bàbá rẹ̀ kò yọjú rí. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ara wọn.

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó wá láti Ilé-Ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹni tó pọ́n, dìde. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀ tó ń retí pupa, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ife kékeré, ṣíbí kékeré àti ẹ̀gbà ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún sí gbogbo wọn kí ìyá àgbà tó fẹ́ èémí kankan, nítorí pé nínú àgbà mẹ́wàá tó bá lé ní àádọ́rin ọdún, mẹ́jọ ló ń pọ́n. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ra.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọmọ náà kalẹ̀," ni ó wí. "Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá pọ́n kò gbọdọ̀ bọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún."

"Ta ni kò gbọdọ̀ bọ́ ọmọ? Èmi tí mo ń rún ẹran lẹ́nu fún un kó tó di pé ó hu eyín?"

"Ohun tí à ń sọ gan-an nìyẹn, Màmá. Ìkòkò ilé yín náà kò ní ṣí fún yín mọ́. Oúnjẹ tiyín á máa wá nínú ike."

"Ìkòkò mi?" Ojú Màmá ti yí padà báyìí. "Ẹ wá sílé mi, ẹ gbé ọmọrí tó ń ka ẹ̀gbà lé orí ìkòkò mi, mi ò jà. Ó wá di pé ọmọrí á máa dá mi lóhùn pé n kò gbọdọ̀ bu ọbẹ̀ tí mo sè?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sí ọ̀já tó fi pọn ọmọ.

"Má fọwọ́ kàn án," ni mo wí. Ohùn mi le ju bí mo ṣe rò lọ. "Mi ò tíì tẹ òǹtẹ̀ sí èsì rẹ̀."

"Àǹtí Ṣíjúadé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí agogo méjìlá bá lù tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Agogo mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni. Ó padà lọ jókòó, ó gbé àpò lé itan.

Kí n má parọ́, kì í ṣe òfin yẹn ló ń bí mi nínú nígbà náà. Mo gba òfin náà gbọ́. Ọmọdé ni mí ní ìlú Àtúntẹ̀ yìí nígbà tí jẹjẹrẹ inú ń kó èèyàn lọ, tí ilé kan á máa jẹ nínú àwo kan, tí wọ́n á sì máa kú tẹ̀ léra. Kòkòrò tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń ti ẹnu ìyá bọ́ sẹ́nu ọmọ. Ẹni tó bá ní ká má wá a, ọ̀tá ni lójú mi. Ohun tó bí mi nínú ni ohun tí ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí láàárọ̀ yẹn, ohun tí mo ti ń rí fún ọdún mẹ́fà tí mi ò kà á sí.

Mo ti gbé omi àyẹ̀wò fún Màmá Òjúọlápé. Mo sọ fún un bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo wọn, pé kó mu ún tán, kó má tu ú dànù o. Ó dúpẹ́. Òfin ni pé ebi ni kí wọ́n fi wá, nítorí náà kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná, omi yìí sì ni omi àkọ́kọ́ tó rí lójúmọ́. Kí ni àgbà ń fi omi àkọ́kọ́ ṣe? Ó gbé e sẹ́nu, ó fi yọ ẹnu. Ó gbá a láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ sí ti òsì, ó fi ahọ́n fọ ẹ̀yìn eyín, ó tún gbá a padà. Ó ti ń wojú ilẹ̀ fún ibi tí yóò tu ú sí kó tó rántí pé mo ní kó má tu ú. Ó bá gbójú sókè, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì pẹ̀lú ìnira, bí ẹni tó gbé ìdọ̀tí mì torí ọ̀wọ̀ ìjọba.

Báyìí ni gbogbo àwọn àgbà ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ kì í ṣe é. Ọ̀dọ́ á da omi náà sọ́fun, á fẹ́ èémí, iná á funfun, á bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòkòrò náà ṣe ń gbé, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Omi inú ikùn èèyàn máa ń kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Kòkòrò tó bá já síbẹ̀, ikú ló já sí. Eléyìí kì í kú, nítorí pé àwọn ihò tín-ín-tín wà lára awọ rẹ̀, ihò tó ní ilẹ̀kùn. Bí omi kíkan bá yí i ká, ilẹ̀kùn á ṣí, yúríà tó wà nínú omi ara wa, èyí tó máa ń bá ìtọ̀ jáde, á gba ibẹ̀ wọlé. Kòkòrò á fọ́ ọ, á fi ṣe amóníà, òórùn tó ń ta ni nímú nínú ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀, á sì fi pa kíkan tó wà nítòsí rẹ̀. Bí kíkan bá rọlẹ̀, ilẹ̀kùn á tì. Bí kò bá tì í, amóníà ara rẹ̀ ni yóò pa á. Ẹ wo ohun tí ojú ò lè rí, ó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó tì í. Àwọn tó ń ṣòfin fún wa ò mọ ìkankan nínú méjèèjì.

Yúríà ló wà nínú omi àyẹ̀wò wa. A ti fi àmì sí i, a sì fi omi ọsàn lù ú kó lè kan, kí ilẹ̀kùn kòkòrò lè ṣí. Bí kòkòrò bá wà nínú, àmì náà á bá èémí jáde. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ní àwọn kòkòrò tirẹ̀, pàápàá ẹnu àgbà tí eyín ti ń yẹ̀. Àwọn yẹn ò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń dúró kó ṣí. Bí yúríà bá ti pẹ́ lẹ́nu, wọ́n á fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì rí àmì wọn. Tó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, tiwọn á ti parẹ́, ti kòkòrò inú á ṣì máa gòkè. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò àtijọ́ fi jẹ́ èémí méjì. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n gé èkejì kúrò nítorí pé ìlà ti gùn jù. Wọ́n pe é ní Ìlànà Èémí-Kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí, ẹlòmíràn bọ́ síwájú.

Gbogbo èyí ni mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́, mo sì yege nínú rẹ̀. Ó wà lórí mi, àwọn àgbà ń yọ ẹnu níwájú mi, mi ò sì da méjèèjì pọ̀ rí. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bínú sí.

Mo parọ́ fún obìnrin Ilé-Ọmọ pé ẹ̀gbà Màmá kò tíì pọ́n tán, pé ká fún un láyè. Mo fún Màmá ní ìjókòó. Nígbà tí ìdajì wákàtí pé, mo ní kó fẹ́ èémí sínú àpò tuntun, mo sì gbé àpò náà sórí ìwọ̀n kékeré tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò láràárọ̀. Ìwọ̀n yẹn kì í kọ nǹkan sílẹ̀, nọ́ńbà lásán ló ń fi hàn. Mẹ́rin ni pupa ti ń bẹ̀rẹ̀. Èémí àkọ́kọ́ Màmá jẹ́ mọ́kànlélógún. Èyí jẹ́ ẹyọ kan.

Obìnrin yìí ò ní kòkòrò kankan nínú, wọ́n sì ti kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sára ṣíbí.

Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Láníyọnu, olórí ibùdó wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ọdún mẹ́fà ni èmi àti òun ti jọ ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán nínú àwo kan, ó sì máa ń fi ẹran sílẹ̀ fún mi. Ó wọlé ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀, ó kí Màmá dáadáa, ó bi í nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ṣíjú, kí ló dé tí òǹtẹ̀ ò tíì wọlé?"

Mo fi nọ́ńbà hàn án. Mo sọ bí Màmá ṣe fi omi yọ ẹnu. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí mo fi rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e.

"Ta ló tún gbọ́?" ni ó wí.

Kò pariwo, kò ní "Yéè," kò béèrè ohun tí a ó ṣe. Ta ló tún gbọ́!

"Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Mo fura. Ẹnì kan kọ̀wé láti Ìbùdó Kẹrin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kọ ohun tó jọ èyí. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn òjò."

"Ọdún mẹ́ta! Ẹ mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́ta, ẹ sì ń bá mi jẹun lójoojúmọ́?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Mélòó ni o rò pé wọ́n jẹ́? Ṣé ká jáde lọ sọ fún gbogbo ìlú pé à ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn tí inú wọn mọ́? Ọjọ́ náà ni wọ́n á wó ibùdó yìí lulẹ̀, àyẹ̀wò á tán, jẹjẹrẹ á padà wá. Ọbẹ̀ kì í mì nínú ikùn àgbà, Ṣíjú. Gbé e mì."

"Ikùn àwọn àgbà lẹ ní kò mọ́, Ọ̀gá! Ikùn wo ni ẹ wá fẹ́ kó gba ọbẹ̀ yìí?"

Màmá Òjúọlápé gbọ́ ariwo, ó yíjú sí wa. Rẹ̀mílẹ́kún ti sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má jà nítorí tèmi," ni ó wí. "Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn wà lára mi, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní fi pa ọmọ tí ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ariwo lọ. Ó ti ń múra láti gbà á fún wa.

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ìwọ lo tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀. O ò sọ pé ẹ̀rọ parọ́ nígbà yẹn."

Ó mọ ibi tó ń dùn mí. Ó di ọdún méjì tí ìyá ọkọ mi ti ń jẹun ní yàrá ẹ̀yìn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tún dán an wò ló ń pọ́n. Gbogbo àdúgbò ló ní mo fi òfin gbẹ̀san lára rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ mi mọ́, "obìnrin yẹn" ni mò ń jẹ́. Ó búra pé inú òun mọ́, mo sì fèsì pé ẹ̀rọ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo rántí bó ṣe mu omi náà. Ó yọ ẹnu, ó tún yọ ẹnu, nítorí pé obìnrin tó mọ́ tónítóní ni.

"A ó tún tiwọn ṣe," ni mo wí. "Ti Màmá yìí, ti ìyá ọkọ mi, ti gbogbo wọn."

"Kò ṣeé ṣe. Òfin ò fàyè gbà á." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbà mi bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. "Èsì tí ọlọ́wọ́ funfun bá mú jáde, kò sẹ́ni tó lè yí i. Àfi bí ọwọ́ aláyẹ̀wò fúnra rẹ̀ bá pọ́n. Ìgbà yẹn, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí kòkòrò wọ inú rẹ̀, wọ́n á wọ́gi lé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi èémí méjì tún wọn ṣe. Àmọ́ ìwọ, funfun báláú ni ọ́. Nítorí náà, lọ tẹ òǹtẹ̀, ká lọ jẹun."

Ó rò pé òun ti pa ọ̀rọ̀ náà dé. Mo wo agogo, ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí agogo méjìlá lù.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní fi pa mọ́. Mo ní ọmọ nílé. Ọdún mẹ́ta ni Ìfẹ́dayọ̀, kì í jẹun àfi láti ọwọ́ mi. Bàbá rẹ̀ á bọ́ ọ títí, á pa ẹnu dé, mo bá sì ti jókòó tì í, á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ẹni tó bá pọ́n kì í tún fẹ́ èémí títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Oṣù mẹ́fà tí mi ò ní fọwọ́ kan ṣíbí ọmọ mi, tí ìkòkò mi ò ní ṣí fún mi, tí ọkọ mi á máa gbé oúnjẹ wá fún mi nínú ike ní yàrá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sì tún ti ìyá ọkọ mi ṣe, òun á jáde kúrò níbẹ̀, èmi nìkan á wá kù síbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Á dùn mọ́ ọn nínú, ó sì yẹ kó dùn mọ́ ọn.

Mo tún wo ìka tí mo fi ń tẹ òǹtẹ̀. Èmi ni mo fi ìka yìí ṣe é. Kì í ṣe ìjọba nìkan, kì í ṣe Ọ̀gá nìkan.

Mo lọ sídìí tábìlì, mo bu omi àyẹ̀wò kún ife, mo gbé e sẹ́nu.

"Ṣíjú, kí lò ń ṣe?"

Mi ò lè dá a lóhùn, omi kún ẹnu mi. Mo yọ ẹnu bí ìyá ọkọ mi ṣe ń yọ ọ́. Mo gbá a sọ́tùn-ún, mo gbá a sósì, mo fi ahọ́n lọ gbogbo ẹ̀yìn eyín, mo dá a dúró sábẹ́ ahọ́n títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Mi ò mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀dọ́ ni ẹnu mi, eyín mi ṣì pé. Nígbà tí mo gbé e mì, Ọ̀gá ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Má fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́. Ro ti Ìfẹ́dayọ̀."

"Tirẹ̀ ni mò ń rò," ni mo wí, mo sì fẹ́ èémí.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gùn. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó pọ́n. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, ó fi ẹyọ kan ṣoṣo ju àlà lọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi móoru, pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Kí Ọ̀gá tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti fi ìka tẹ òǹtẹ̀ lé orí ara mi.

Ohùn ẹ̀rọ jáde, ohùn obìnrin tútù tó máa ń kí wa káàárọ̀. "Aláyẹ̀wò Ṣíjúadé ti pọ́n. A ti wọ́gi lé àyẹ̀wò ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ẹ fi èémí méjì tún wọn ṣe, kí èkejì wá lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà níwájú yín."

Obìnrin Ilé-Ọmọ wò mí, ó wo àpò tó wà lórí itan rẹ̀. Ó yọ ṣíbí tó ní orúkọ ọmọ lára, ó yí i lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"O ti bà mí jẹ́," ni Ọ̀gá Láníyọnu wí. Ó jọ pé ó fẹ́ sunkún. Ó fa ife tí òun fúnra rẹ̀ fi ń mu omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, ó sì gbé e jìnnà. Mo rí i, òun náà mọ̀ pé mo rí i. Ọkùnrin tó mọ̀ pé èémí àkọ́kọ́ ń parọ́, ó ń fa ife kúrò lọ́dọ̀ mi!

"Aláyẹ̀wò míì ò sí níbí," ni mo sọ fún un. "Ọwọ́ yín ló kù, Ọ̀gá. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Mo lọ dúró sẹ́yìn ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́wọ́ pupa, níbi tí mo ti ń darí àwọn èèyàn sí láti ọdún mẹ́fà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ògiri ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá bu omi àyẹ̀wò tuntun, ó gbé e fún Màmá Òjúọlápé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Màmá gba ife náà, kò mu ún. Ó wò mí láti òdìkejì yàrá. Kò dájú pé gbogbo rẹ̀ yé e, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé ẹ̀gbà mi bá tirẹ̀ dọ́gba.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "mo gbọ́ lẹ́nu yín pé ohun tí mo fẹnu ṣe ló fa gbogbo èyí. Ṣé kí n gbé e mì báyìí ni, àbí kí n kọ́kọ́ yọ ẹnu?"

Ọ̀gá la ẹnu láti sọ pé kó tètè gbé e mì.

"Ẹ yọ ẹnu yín dáadáa, Màmá," ni mo wí. "Ẹ̀rọ ni yóò dúró dè yín."